Òjìji Egbò

Ìgbàgbé kì í ṣe ìtẹ̀rì. Ìgbàgbé ni kí ohun kan ṣí kúrò lọ́kàn ènìyàn láìjẹ́ pé ó lé e, bí àwọ̀ ti ń ṣí lára aṣọ tí oòrùn ń pa lójoojúmọ́. Ìtẹ̀rì ìrántí ní tirẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe: ìrántí náà ń gbérí, ẹni tí ó ni ín sì ń tẹ orí rẹ̀ padà sínú omi, títí tí kò fi ní lè gbérí mọ́.

Apá iwájú ọpọlọ, pàápàá lọ́wọ́ ọ̀tún, ni àwọn onímọ̀ sọ pé ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ìjánu. Nínú ọpọlọ lọ́hùn-ún, níbi tí ó ṣe déédéé etí, ni ibi tí ń sọ ohun tí ojú rí di ìrántí wà. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní àká. Bí ìjánu bá fà, àká a dákẹ́. Bí ìjánu bá rọ̀, bí a ti ń rí i lára ọ̀pọ̀ ẹni tí ìbànújẹ́ tí kì í lọ tàbí ẹ̀rù àjálù àtijọ́ ń bá fínra, ohun tí a kò fẹ́ rántí a máa wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

Ó ku ohun kan. Nígbà tí àká bá dákẹ́, kì í ṣe ohun tí a lé nìkan ni kì í gbà. Ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ nítòsí ìtẹ̀rì náà, ìbáà jẹ́ ohun rere, lè máà ríbi jókòó. Òjìji ìtẹ̀rì ni orúkọ tí ó tọ́ sí èyí.

Inú òjìji bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ àti orúkọ rere obìnrin kan sọnù sí. Ohun ìríra tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó sọ ọ́ nù ni àwọn ènìyàn ń pè ní Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ti ń ṣiṣẹ́: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí omi apakòkòrò kì í gbẹ nílẹ̀ rẹ̀, ibùsùn onírin tí ó ní ọ̀pá ìdènà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Àwọn arúgbó fún un lórúkọ yẹn nítorí pé kì í fa ènìyàn bí ẹni fa àpò. Ó ní ọkọ, ó ní ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Aláròyé, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ àfi bí ó bá sùn. Ẹni tí ó kọ́ ọ níṣẹ́ ni Ẹlẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n àgbà kan tí ẹ̀rín máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó mọ̀, ìbáà jẹ́ nídìí òkú.

Àwọn olùtọ́jú ilé yẹn ní àṣà kan. Bí iṣẹ́ bá parí, oníkálukú a bọ́ épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, a gbé e kọ́ ara ògiri, a sì sọ pé, “Mo bọ́ ọ.” Ìgbẹ́, ìtọ̀, èébì àti igbe ọjọ́ náà dúró síbẹ̀ nìyẹn.

“Àbúrò,” ni Ẹlẹ́rìn-ín sọ fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, “ẹni tó bá ń gbé gbogbo èyí relé, kò ní lè jẹun níwájú ọmọ ẹ̀. Bọ́ ọ síbí. Ẹ̀yìn ríro nìkan ni ká máa gbé relé.”

Ìmọ̀ràn rere ni. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ gbà á ju bí wọ́n ṣe fún un lọ.

Ìyá Aránṣọ wà nínú yàrá tí ó ń tọ́jú. Gbogbo ayé ìyá yìí ni ó fi ránṣọ kí àrùn tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tí ó sì dá a mọ́ ibùsùn. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ó kù tí ń sọ̀rọ̀. Bí ènìyàn bá tẹ̀ bá a, yóò fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ wá etí aṣọ onítọ̀hún, yóò máa tọ ojú ibi tí wọ́n rán lọ. Ẹlẹ́rìn-ín a ní Màmá tún ti dá télọ̀ òun lẹ́bi.

Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ máa yí i, kí awọ ibi tí ó fi sùn lé má baà kú. Ìyísùn ni a ó pe iṣẹ́ náà. Ìyá Aránṣọ wúwo. Ìyísùn rẹ̀ gba ènìyàn méjì. Lásìkò yẹn, òṣìṣẹ́ kò tó nílé, wúyẹ́wúyẹ́ sì ti ń lọ pé Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ni wọn yóò fi ṣe olórí yàrá. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè kì í fẹ́ kí wọ́n rí òun níbi tí òun ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ìrànwọ́. Ó fo ìyísùn kan. Kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó fo òmíràn. Nígbà tó yá, fífò ni ó di ìṣe, yíyí ni ó di ọjọ́ kan lọ́gbọ̀n.

Ní òwúrọ̀ kan, ó ká aṣọ sókè láti nu ìyá náà lára.

Aṣọ náà ti lẹ̀ mọ́ ìbàdí òsì. Ó fà á, awọ sì bá aṣọ wá. Ihò ni ó wà lábẹ́ rẹ̀, ihò tí ó lè gba ìka mẹ́ta pọ̀. Etí rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ funfun bí ọ̀rá tó dì, ohun aláwọ̀ ewé kan sì ń sun láti ìsàlẹ̀. Òórùn rẹ̀ dé lẹ́yìn ìran rẹ̀. Ó dùn díẹ̀, ó kan díẹ̀, bí èso tí ó jẹrà nínú àpò tí a dì lẹ́nu. Ó wọ imú rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀nà ọ̀fun, ó dúró síbẹ̀ bí ẹni pé ó jẹ nínú rẹ̀.

Bí ó bá pe olórí ilé, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé láti ìgbà wo. Kò pè é. Ó nu ibẹ̀, ó da pàúdà olóòórùn dídùn lé e, ó tẹ́ aṣọ funfun tuntun. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe ohun tí ó burú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má baà rí ihò náà, ó yí ìyá náà sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ó gbé e lé orí egbò ara rẹ̀.

Ó gbé abọ́ omi tí ó fi nu ibẹ̀ jáde láti lọ dà á nù. Bí ó ti ń lọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ rì: n kò rí nǹkan kan, n kò rí nǹkan kan. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ ná. A óò padà débẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó gbé épúrọ́ọ̀nù kọ́, ó ní, “Mo bọ́ ọ.” Nígbà tí ó délé, ó wẹ̀, ó tún wẹ̀, títí ọkọ rẹ̀ fi kan ilẹ̀kùn balùwẹ̀ tí ó ní ṣé ó fẹ́ di ẹja ni.

Ìtẹ̀rì a máa nira níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ́ iṣẹ́ tí ọwọ́ ń mọ́. Kò pẹ́ tí ó fi lè dúró ti ibùsùn náà, kí ó da pàúdà, kí ó pààrọ̀ aṣọ, kí ó sì máa fi ẹnu súfèé, láìsí ohun kan tí ó gbérí lọ́kàn rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń rí i. Àká kò gbà á.

Imú àwọn ẹlòmíràn kò mọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń ráhùn. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ní gọ́tà ẹ̀yìn fèrèsé ni. Ọkùnrin tí ń tún àyíká ṣe fọ gọ́tà náà, ó da apakòkòrò sí i, ó padà wá pẹ̀lú ìbínú. “Mo ti fọ gọ́tà yẹn débi pé mo lè bu omi mu nínú ẹ̀,” ni ó wí. “Ohun tó ń rùn nínú ilé yín, ẹ wá a nínú ilé yín.” Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Ìyá Aránṣọ, obìnrin tí ń ta awò ojú, a máa wá bẹ ìyá rẹ̀ wò, a máa fi òróró pa ọwọ́ rẹ̀. Nígbàkígbà tí Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ bá tẹ̀ síwájú láti tún ìrọ̀rí ṣe, ìyá náà a di etí épúrọ́ọ̀nù rẹ̀ mú, kò sì ní fẹ́ fi í sílẹ̀.

“Màmá, ẹ jọ̀wọ́ aṣọ wọn,” ni ọmọ rẹ̀ wí, tí ó ń rẹ́rìn-ín. “Kò sí aṣọ tí wọ́n rán dáadáa mọ́ láyé yìí.”

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ó tú àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí orúkọ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí télọ̀ kan fi ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì òpópónà, ó sì fi aṣọ oríṣiríṣi kọ́ inú gíláàsì rẹ̀. Ọmọ Ìyá Aránṣọ rí i bí ó ti ń bọ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí àwọn yí Màmá sí ojú fèrèsé kí ó lè wò ó.

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni. Ọmọ náà ní ojú wọn là. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ní ó di ọ̀la, nígbà tí ènìyàn méjì bá wà. Ọmọ náà ní, “Ṣé èmi kì í ṣe ènìyàn ni?” Ó sì ti apá bọ abẹ́ ìyá rẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ wọnú ibi tí kò yẹ kí ọwọ́ wọ̀.

Kò ké. Ó fa ọwọ́ náà jáde, ó gbé e súnmọ́ awò ojú rẹ̀, ó wò ó, ó gbóòórùn rẹ̀. Nígbà náà ni ó bi í pé, “Kí lèyí?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n,” ni Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ dáhùn. “Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i ni.”

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ojú tí ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Wọ́n pe ìpàdé sí ọ́fíìsì olórí ilé. Oníṣègùn ilé sọ pé òun ti rí i tẹ́lẹ̀ pé awọ ìbàdí òsì ìyá náà ń pọ́n, àti pé òun rán Ẹlẹ́rìn-ín pé kí wọ́n má fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn lé mọ́, kí wọ́n sì pe òun bí awọ bá bó. Wọ́n yíjú sí Ẹlẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni iṣẹ́ rẹ̀ rọ̀ mọ́ báyìí: ṣé ó jíṣẹ́ tàbí kò jẹ́ ẹ?

Ẹlẹ́rìn-ín ní òun jẹ́ ẹ. “Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti bá a, ó gbé abọ́ dání, ó ń lọ da omi nù. Mo sọ ọ́ fún un bí dókítà ṣe sọ ọ́ gan-an. Ó ní, ‘Mo ti gbọ́, Àǹtí.’ Àbúrò, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?”

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ wá inú ara rẹ̀ lọ, ó wá a bọ̀. Kò rí Ẹlẹ́rìn-ín níbẹ̀. Kò rí ọ̀rọ̀ kankan. Òtítọ́ ni èyí, ibẹ̀ gan-an sì ni ó ti kóni nírìíra, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ irọ́ ni òtítọ́ náà dùbúlẹ̀ sí, wọ́n sì jọ bo aṣọ kan.

“Ẹ ò sọ fún mi,” ni ó wí. “Mo fi orí ọmọ mi búra.”

Ẹlẹ́rìn-ín wò ó. Ẹnu rẹ̀ là, ẹ̀rín sì bọ́ jáde, ẹ̀rín àìmọ̀ọ́mọ̀ yẹn tí ó ti ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré.

“Ẹ ń rẹ́rìn-ín?” ni ọmọ Ìyá Aránṣọ bi í, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Ara ìyá mi jẹrà, ẹ wá ń rẹ́rìn-ín?”

Ẹjọ́ parí síbẹ̀. Wọ́n lé Ẹlẹ́rìn-ín, wọ́n sì rán ọ̀rọ̀ sí àwọn ilé ìtọ́jú yòókù pé kí wọ́n ṣọ́ra fún un. Ọmọ Ìyá Aránṣọ gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Bí Ẹlẹ́rìn-ín ti ń jáde, ó mú épúrọ́ọ̀nù rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó ká a sábẹ́ abíyá. Ó dúró níwájú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ó ní, “Èyí, mi ò bọ́ ọ o.”

Oyè olórí yàrá tẹ Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ lọ́wọ́. Oorun sì fi í sílẹ̀. Àìsùn kò dára fún ìjánu. Ó ń sọ ọ́ di okùn tó gbó. Ohun tí ó ti tẹ̀ rì bẹ̀rẹ̀ sí í gbérí níbi tí kò ti retí rẹ̀. Ó bu búrẹ́dì, ihò ni ó rí láàrin rẹ̀. Ó ṣí ìkòkò, òórùn dídùn-kíkan yẹn ni ó bá a pàdé. Ó ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ títí awọ rẹ̀ fi sán, ó sì ń wo ibi tó sán náà bí ẹni pé yóò jìn. Ó ń ká aṣọ ọmọ rẹ̀ sókè lójú oorun, ó ń yẹ ìbàdí rẹ̀ wò, ọmọ náà sì ń ké pé, “Mọ́mì, ọwọ́ yín tutù.”

Ọkọ rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ọpọlọ, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí àga méjì àti tábìlì kan péré wà nínú yàrá rẹ̀. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ní òun rí egbò kan níbi iṣẹ́, kò kúrò lójú òun. Ó ní kí wọ́n kọ́ òun bí òun yóò ṣe gbàgbé rẹ̀ pátápátá.

Ọkùnrin náà ṣàlàyé ìjánu àti àká fún un. Ó ní àwọn kan wà tí kíkọ́ láti tẹ ìrántí rì máa ń ràn lọ́wọ́ nítòótọ́. Àwọn kan sì wà tí ó jẹ́ pé wọ́n ní láti kọjú sí i díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀rù rẹ̀ yóò fi rọ̀. Ó ní òun kò lè mọ èyí tí ó yẹ ẹ́ títí òun yóò fi mọ ohun tí egbò náà jẹ́ sí i. “Egbò ta ni?” ni ó béèrè.

“Ìyá kan,” ni ó dáhùn. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ rẹ̀ ni ó tú u. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, Aláròyé mú páálí ìṣáná wá, ó ṣí i. Eyín kékeré kan wà nínú rẹ̀.

“Ẹ ò tíì wá wò ó,” ni ọmọ náà wí. “Ẹ ní kí n gbé e pamọ́ fún yín.”

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ béèrè pé ìgbà wo ni òun sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ní ìgbà tí òun pè é lórí fóònù ni. Ó ní ọmọ kò pe òun. Ọkọ rẹ̀ gbójú sókè láti ibi tí ó ti ń lọ aṣọ.

“Ó pè ọ́ kẹ̀. Èmi ni mo tẹ nọ́ńbà fún un. Ọjọ́ tí o wẹ̀ títí bí ẹja yẹn ni. O wà níbi iṣẹ́, mo ń gbọ́ bí o ṣe ń da omi abọ́ nù. O tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. O ní kó gbé e pamọ́, pé wàá wá ka àwọn tó kù lẹ́nu ẹ̀.”

Ó wá ọ̀rọ̀ náà nínú ara rẹ̀. Eyín àkọ́kọ́ tí ọmọ rẹ̀ ká, kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rín ara rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ibi tí ó yẹ kí wọ́n wà dán bí ilẹ̀ tí a fi apakòkòrò nù.

Ó wá yé e kedere. Abọ́ kan náà ni. Omi kan náà ni. Ẹlẹ́rìn-ín ti sọ ọ́ ní ọ́fíìsì: ó gbé abọ́ dání, ó ń lọ da omi nù. Bí ohùn ọmọ òun bá lè sọnù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, kí ni yóò dí ohùn Ẹlẹ́rìn-ín lọ́wọ́ láti sọnù níbẹ̀? Orí ọmọ yìí kan náà ni òun sì fi búra. Ó sáré lọ sí balùwẹ̀, ó bì títí tí kò fi sí ohun tí ó kù ju omi kíkorò lọ.

Ó padà sọ́dọ̀ oníṣègùn, ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan bí ó ṣe yí ìyá náà lé orí egbò. Ó béèrè bóyá ohùn Ẹlẹ́rìn-ín lè sọnù bí ti ọmọ òun. Ọkùnrin náà ní ó lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò lè búra pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Obìnrin náà di ọ̀rọ̀ náà mú bí ẹni tó rí ọ̀pá nínú omi. “Ṣé ọpọlọ mi ni, dókítà? Kì í ṣe èmi?”

Ọkùnrin náà wo awọ ọwọ́ rẹ̀ tó sán.

“Ọpọlọ yín ló tẹ̀ ẹ́ rì,” ni ó wí. “Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́?”

Ó lè dákẹ́. Kò sí ẹlẹ́rìí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun gan-an kò sì lè jẹ́rìí lòdì sí ara rẹ̀ lórí ohun tí kò rántí. Síbẹ̀ páálí ìṣáná náà wà lórí tábìlì nílé, kò sì lè wò ó. Ó lọ bá olórí ilé, ó bẹ̀ ẹ́ kí ó ránṣẹ́ pe ọmọ Ìyá Aránṣọ, ó sì sọ ọ́ lójú wọn láìfi àìsàn rẹ̀ ṣe ààbò. Ó ní òun rí egbò náà kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ó ní òun ni òun yí ìyá náà lé e. Ó ní òun kò rántí pé Ẹlẹ́rìn-ín jíṣẹ́, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé ìrántí òun kì í ṣe ẹ̀rí.

Ọmọ Ìyá Aránṣọ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí itan, bí ẹni tí kò fẹ́ rí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní egbò ìyá òun kò tíì dí.

“Aṣọ yín tí Màmá ń dì mú yẹn,” ni ó wí. “Wọ́n ń sọ fún mi. Mo wá ń rẹ́rìn-ín.”

Wọ́n lé Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Olórí ilé kọ̀wé sí àwọn ilé yòókù láti wẹ Ẹlẹ́rìn-ín mọ́, ó sì ní kí ó padà wá. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ mú ìròyìn náà lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fúnra rẹ̀. Yàrá kan ni, ó mọ́, épúrọ́ọ̀nù yẹn sì wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀, ó sọ ohun gbogbo, ó na ọwọ́ méjèèjì.

Ẹlẹ́rìn-ín kò rẹ́rìn-ín.

“Ìwọ ò rántí,” ni ó wí. “Èmi rántí. Abọ́ búlúù ni, etí ẹ̀ kan ti kán. O fi imú mí sókè bí ẹni tó fẹ́ bì, mo bi ọ́ pé kí ló dé, o ní kò sí nǹkan. Mo fi ọwọ́ gbá ọ lẹ́yìn. Ọwọ́ mi yìí. Láti ọjọ́ ìpàdé tí mo ti fura sí ohun tó wà nínú abọ́ yẹn ni mo ti ń fọ̀ ọ́.” Ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un. “Dìde, àbúrò. Mi ò ní lè fọwọ́ kàn ọ́.”

Ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ọpọlọ lágbára láti tẹ ìrántí rì, agbára náà sì dára. Láìsí i, ta ni yóò lè tọ́jú aláìsàn kí ó sì padà relé lọ jẹun? Ṣùgbọ́n ìrántí nìkan ni ìjánu lè fà. Kò lè fa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn, ohun tí a fi aṣọ bò a sì máa jìn sí i lábẹ́ aṣọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ààlà. Ẹni tí ó ṣe ibi ni ó bá wí. Ẹni tí wọ́n ṣe ibi sí, tí ó rí ọ̀nà láti tì í sẹ́yìn kí ó lè sùn, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ìtàn yìí dá a lẹ́bi. Ẹni tí ìjánu rẹ̀ sì ti rọ̀ nílò oníṣègùn, kò nílò ìbáwí. Bákan náà, kò sí ẹni tí ó lè fi dáni lójú pé òjìji ni ó gbé ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín mì. Ó lè jẹ́ pé Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ kò tilẹ̀ tẹ́tí sí i. Èyí kò yí ohun kan padà. Wọ́n sọ fún un. Òun náà sì dá a lóhùn.